Táyà ẹ̀yìn wo ló yẹ kẹ̀kẹ́ orí òkè nígbà ẹrẹ̀? (Surrey Hills, wíìlì 29, kò ní ṣọ́kù ẹ̀yìn)

Ẹlẹ́sẹ̀Rọ́bà

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará ilé. Kẹ̀kẹ́ mi kò ní ṣọ́kù lẹ́yìn, wíìlì 29 ni, inú ríìmù fẹ̀ tó milimítà 30. Èmi, báàgì àti omi jẹ́ kílò 82. Surrey Hills, ní gúúsù England, ni mo ń gùn ún, Leith Hill sí Holmbury sí Pitch Hill, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹlẹ́ṣin ìsàlẹ̀ tó kún fún amọ̀ ni mo máa ń gbà débẹ̀.

Ti iwájú ti yanjú, Magic Mary 2.4 ni (táyà Schwalbe tó fẹ̀ tó ínǹṣì 2.4). Ti ẹ̀yìn ni wàhálà. Táyà ilẹ̀ gbígbẹ ló wà níbẹ̀, eyín rẹ̀ kúrú, wọ́n sì fún mọ́ra. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, amọ̀ á dí àárín eyín náà títí táyà á fi dán bí ẹ̀yìn igbá, wíìlì á kàn máa yí lójú kan bí mo bá ń gun òkè. Ẹnìkan ní kí n kúkú ra Shorty (táyà ẹrẹ̀ ti Maxxis) sí ẹ̀yìn, ẹlòmíì ní owó ṣòfò ni. 2.4 ni mo ní lọ́kàn láti rà. Ẹ là mí lóye.

ÀgbàMẹkáníìkì

Kí ẹ tó dárúkọ táyà kankan, ẹ wọn àyè tó wà lára férémù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Ẹ mú álẹ́ńkì 6 (èyí tó nípọn tó milimítà 6). Ẹ tì í bọ àárín eyín ẹ̀gbẹ́ táyà àti irin méjì tó ti ìdí pẹ́dà lọ mú wíìlì ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ibi tó há jù sábà máa ń wà lẹ́yìn ìdí pẹ́dà gan-an. Ẹ yí wíìlì ní àyípo kan pẹ̀lú álẹ́ńkì náà níbẹ̀, torí ó ṣọ̀wọ́n kí táyà gún régé yí ká. Ẹ ṣe bákan náà lókè, níbi tí irin méjèèjì tó wá láti ìsàlẹ̀ àga ti so pọ̀. Bí álẹ́ńkì 6 kò bá kọjá, táyà náà ti tóbi jù fún ẹrẹ̀ lórí férémù yẹn, ì báà máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí èèyàn bá tẹ pẹ́dà gidi, wíìlì máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Amọ̀ tó ní yanrìn nínú á wá máa họ ọ̀dà férémù bí sáńpépà. Férémù carbon tí wọ́n ti họ wọnú báyìí, ẹ̀bi òjò kọ́, ẹ̀bi táyà tó fẹ̀ jù ni.

Nọ́ńbà ara táyà náà ní ìtumọ̀. 61-622 ló wà lára 29 x 2.4 ti Maxxis: 61 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní milimítà, 622 ni ìdábùú ibi tí etí táyà ń jókòó sí lára ríìmù. Àmọ́ fífẹ̀ yẹn ń yí padà bí fífẹ̀ ríìmù bá yí padà, táyà tuntun sì máa ń ràn sí i díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì tí afẹ́fẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lónìí, ẹ tún un wọ̀n ní ọ̀túnla.

Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀29

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Àgbà. Ní tèmi, irú ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí orúkọ kan náà là ń pe nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra.

Òkè tí ẹ dárúkọ yẹn, Leith Hill dé Pitch Hill, greensand ni. Iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi máa ń tètè gba inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn òjò, ó máa ń rọ̀ díẹ̀, ó sì tún máa ń dì padà. Eyín gíga kò ṣe dandan níbẹ̀ rárá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà gúúsù, ẹ ti bọ́ sínú amọ̀ Weald nìyẹn. Ìyẹn kì í jẹ́ kí omi lọ. Pátákò ẹṣin á lu ú, omi á dúró sínú ojú pátákò, gbogbo rẹ̀ á wá di bí àmàlà tí wọ́n ro láìkún omi tó: kò ṣàn, kò sì dì, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kàn án. Ẹ wá kọjá sí àríwá, sórí North Downs, ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹfun tó tutù máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, kò sì sí eyín táyà tó lè wọ inú rẹ̀, torí ó le lábẹ́. Òkúta ìbọn tún wà nínú ẹfun yẹn, tí ń bẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà bí abẹ.

Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oògùn wọn sì yàtọ̀. Amọ̀ fẹ́ eyín tó jìnnà síra kó lè jábọ́. Ẹfun fẹ́ rọ́bà tó rọ̀ àti afẹ́fẹ́ tó dínkù. Greensand fẹ́ eyín àárín tó lágbára, ó parí. Ẹ bi ara yín pé nínú wákàtí mẹ́ta tí ẹ fi ń gùn ún, ìṣẹ́jú mélòó lẹ ń lò nínú amọ̀? Bí ó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, ẹ má ra táyà nítorí ogún ìṣẹ́jú.

ọmọ_Merthyr

Èmi kò gbà. Shorty níwájú, Shorty lẹ́yìn, láti Oṣù Kọkànlá títí dé Oṣù Kẹta. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀ nígbà tí ẹ ń gun òkè, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn. Táyà tó lè gun òkè amọ̀ ni yóò gbé yín dé greensand yẹn. Eyín Shorty ga, ó sì jìnnà síra, síbẹ̀ kò ga tó ti Wet Scream (táyà ẹrẹ̀ Maxxis míì), nítorí náà kò burú jù lórí òkúta.

Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀29

> Shorty níwájú, Shorty lẹ́yìn

Àbúrò, èyí dára fún ẹni tí mọ́tò ń gbé lọ sókè. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀dà máa san owó rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo, òun náà ni ṣéènì ń fà, nítorí náà ibẹ̀ la ti ń mọ ìnira táyà tó wúwo láti yí. Eyín gíga máa ń tẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Bí ó ṣe ń tẹ̀ tó ń nà ni agbára ẹsẹ̀ ń ṣòfò, ìdí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ wo ìdí eyín àárín lára táyà ẹrẹ̀ tí wọ́n fi gun ọ̀nà olókùúta: ẹ ó rí ìlà yíya tín-ín-rín níbẹ̀ kí eyín náà tó jẹ tán.

Iwájú yàtọ̀. Bí iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ni èèyàn ń lọ. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, èèyàn ṣì lè fi ìbàdí darí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń fi táyà tó dì mọ́lẹ̀ jù síwájú, tí wọ́n sì ń fi èyí tó lè fa kẹ̀kẹ́, tó lè dá a dúró, tí ara rẹ̀ sì le, sẹ́yìn.

Olókè_Tweed

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ eyín láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rọ́bà àti ara táyà, bẹ́ẹ̀ ohun méjì yìí ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́.

Rọ́bà kọ́kọ́. Lórí gbòǹgbò tó tutù, irú èyí tó kún Innerleithen àti Glentress níbí ní Scotland, eyín kò lè wọ inú igi. Rọ́bà tó rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, nìkan ló lè dì í mú. Ní Maxxis, MaxxGrip ló rọ̀ jù, MaxxTerra tẹ̀ lé e. Ní Schwalbe, ẹ wo àwọ̀ ìlà ara rẹ̀: àwọ̀ àlùkò ni Ultra Soft, àwọ̀ ọsàn ni Soft, búlúù ni Speedgrip. Ní Continental, SuperSoft, Soft, Endurance ni wọ́n tò wọ́n sí. Fún ẹ̀yìn, ìpele kejì ni kí ẹ mú, ìyẹn MaxxTerra tàbí Soft. Èyí tó rọ̀ jù á yára jẹ lẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni bíréèkì àti ṣéènì ti ń fa ilẹ̀, yóò sì máa lọ́ra lójú ọ̀nà ọ̀dà bí ẹni wọ́ àpò gàrí.

Ara táyà wá kàn. Kẹ̀kẹ́ yín kò ní ṣọ́kù ẹ̀yìn, ríìmù ló ń gba gbogbo ìlù. Ẹ má ra EXO lásán síbẹ̀ (ara táyà Maxxis tó fẹ́lẹ́ ju EXO+ àti DoubleDown lọ). EXO+ ni kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà olókùúta bá pọ̀ fún yín, ẹ mú DoubleDown, tó jẹ́ ìpele aṣọ méjì. Ní Schwalbe, Super Trail ló súnmọ́ EXO+, Super Gravity ló súnmọ́ DoubleDown. Ní Continental, ẹ wo Trail àti Enduro. Ìwúwo á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ara tó le náà ló ń jẹ́ kí ẹ lè dín afẹ́fẹ́ kù láìfọ́ ríìmù, afẹ́fẹ́ tó dínkù ni yóò sì mú kí táyà tẹ́ sórí gbòǹgbò.

Orúkọ tí ẹ ń wá: Minion DHR II 2.4 ti Maxxis (EXO+, MaxxTerra), tàbí Kryptotal Re 2.4 ti Continental. "Re" dúró fún ẹ̀yìn, ẹ má ṣì í rà pẹ̀lú "Fr". Bí amọ̀ bá pọ̀ gan-an lọ́nà yín, Argotal ni Continental ṣe fún ilẹ̀ rírọ̀. Hydrotal ti wọn jẹ́ ti ẹrẹ̀ ìdíje, kò bá yín mu.

Ẹlẹ́fun

Ìbéèrè kékeré: táyà tín-ín-rín ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ pé ó máa ń gé ẹrẹ̀ já dé ilẹ̀ líle.

ÀgbàMẹkáníìkì

Òótọ́ ni, bí ilẹ̀ líle bá wà nísàlẹ̀ lóòótọ́. Ẹrẹ̀ tó ṣàn lórí òkúta, táyà tín-ín-rín á là á kọjá, á dé ilé. Amọ̀ Weald jìn, kò ní ìsàlẹ̀ tí ẹ lè dé, táyà tín-ín-rín á kàn rì ni. Ohun tó dájú tí táyà tín-ín-rín ń fúnni ni àyè lára férémù. Nítorí ìyẹn nìkan, DHR II 2.3 lè sàn ju 2.4 lọ lórí férémù tó há.

Ẹlẹ́sẹ̀Rọ́bà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo yá 2.4 kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, mo fi wọ̀n ọ́n. Álẹ́ńkì 6 kọjá lọ́tùn-ún fàlàlà, kódà milimítà 9 ló wà níbẹ̀. Lósì kò kọjá, 5 ló wà. Ṣé 2.3 ni kí n yá rà ni?

ÀgbàMẹkáníìkì

Rárá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. 9 àti 5 túmọ̀ sí pé wíìlì kò sí láàárín. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14, bí ó bá wà láàárín, 7 ló yẹ kó wà lọ́tùn-ún, 7 lósì.

Ẹ kọ́kọ́ tú irin tó gba àárín wíìlì ẹ̀yìn kọjá, ẹ nu ẹrẹ̀ ibi tó ń jókòó sí, ẹ dá wíìlì padà, ẹ fún un le nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró lórí táyà rẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá yí padà, sípóòkù ni. Ríìmù gbọ́dọ̀ sún sọ́tùn-ún ní milimítà 2. Ẹ fún nọ́ọ̀tì gbogbo sípóòkù ọ̀tún le ní ìdá mẹ́rin àyípo kan, ẹ dẹ gbogbo ti òsì ní ìwọ̀n kan náà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún un ṣe bí ó bá kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fáàfù, kí ẹ má baà ka sípóòkù kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí, ẹ gbé e fún oníṣẹ́. Iṣẹ́ kékeré ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́fun

Afẹ́fẹ́ mélòó wá ni fún kílò 82? Èyí ni mo ń wá láti òkè, ẹ ò sọ ọ́.

Olókè_Tweed

Pẹ̀lú tubeless (táyà tí kò ní túùbù nínú), ríìmù 30, táyà 2.4, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: iwájú 21 psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe le nínú táyà), ẹ̀yìn 25. Bí ara táyà ẹ̀yìn bá jẹ́ DoubleDown, 23 tó. Bí ẹ bá fi fóòmù sínú rẹ̀, 22. Lẹ́yìn náà ẹ máa yọ psi kan kan, ọ̀nà kan náà, ibi gbòǹgbò kan náà.

Ẹ ó mọ̀ pé ó ti kéré jù bí ẹ bá gbọ́ tí ríìmù lu òkúta "kàn!", tàbí tí táyà ń yí gọ́ngọ́ngọ́ lábẹ́ yín níbi ìyànà, tàbí tí afẹ́fẹ́ àti sealant (omi tó ń dí ihò táyà) tú jáde létí ríìmù. Ẹ dá 2 psi padà. Bí ó bá pọ̀ jù, wíìlì ẹ̀yìn á máa fò lórí gbòǹgbò, á sì máa yí lásán níbi tó yẹ kó fà.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí: òtútù. Bí ẹ bá fún un ní 25 psi nínú ilé tó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 20, tí ẹ sì jáde síbi tó jẹ́ ìwọ̀n 2, yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 22.6. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ jáde, ẹ ti pàdánù ju psi méjì lọ, láìjẹ́ pé táyà jò. Níta ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Kí géèjì jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo pẹ̀lú, torí ti pọ́ǹpù ńlá kì í sábà pé nísàlẹ̀ 30.

Ẹni tó bá ra táyà radial ti Schwalbe (tí wọ́n to okùn inú ara rẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀), irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2024 fún Magic Mary àti Albert, kó má tẹ̀ lé nọ́ńbà mi. Àwọn yẹn máa ń tẹ́ sílẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ fi 2 tàbí 3 psi kún un.

Fọ̀kanáísà_Leeds

Ẹ̀yin ará, ẹ ti ra táyà tán, ta ló máa fi sí i? Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́, torí níbi fífi-sí-i ni tubeless ti ń dójú ti èèyàn.

Ẹ yọ táyà àti téèpù àtijọ́ kúrò, ẹ fi àkísà aṣọ àti ọtí ìfọgbẹ́ nu inú ríìmù títí kò fi ní lẹ̀ mọ́. Téèpù tuntun kó fẹ̀ ju inú ríìmù lọ ní milimítà 2 sí 3, fún 30 ẹ ra 32 tàbí 33. Ẹ fà á le bí ẹ ṣe ń lẹ̀ ẹ́, kí òpin rẹ̀ kọjá ihò fáàfù ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi ìṣó tín-ín-rín tí ẹ mú gbóná lu ihò fáàfù, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e, torí ibi tí ọ̀bẹ bá gé á máa ya lọ ni. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fún nọ́ọ̀tì fáàfù le, má lo páláyà.

Ẹ fi etí táyà kan wọlé. Ìkejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì fáàfù, kí ẹ parí sí ibi fáàfù, torí ìdí fáàfù ti gba kòtò àárín ríìmù, etí táyà kò lè bọ́ sínú rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá le jù, ẹ fi ọwọ́ tẹ ìyókù sínú kòtò náà yí ká, àyè á yọ. Ẹ fi omi ọṣẹ pa etí méjèèjì, ẹ tú ọmọ inú fáàfù, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú pọ́ǹpù tó lè tú afẹ́fẹ́ púpọ̀ jáde. Ẹ ó gbọ́ "pà! pà!". Ẹ má kọjá nọ́ńbà tó kéré jù nínú èyí tí wọ́n kọ sára táyà àti sára ríìmù. Ẹ wo ìlà tín-ín-rín tó yí ẹ̀gbẹ́ táyà ká: kó jìnnà sí ríìmù bákan náà níbi gbogbo.

Ẹ tú afẹ́fẹ́ náà, ẹ fi sírínjì ta sealant mílílítà 100 sí 120 wọlé láti ẹnu fáàfù, ẹ dá ọmọ fáàfù padà, ẹ fẹ́ ẹ. Ẹ mì í, ẹ dùbúlẹ̀ wíìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ yí i padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi 60 kún un, ó máa ń gbẹ.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń tú níbi nọ́ọ̀tì sípóòkù, téèpù ni, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe. Sealant kò ní gbà yín lọ́wọ́ téèpù tó ya. Bí ó bá jẹ́ létí ríìmù, ìdọ̀tí ló há síbẹ̀. Ihò tí òkúta ìbọn lù tí sealant kò lè dí, ẹ ki okùn rọ́bà bọ̀ ọ́, irú èyí tí fọ̀kanáísà ń kì bọ táyà mọ́tò lójú títì ní Ìbàdàn. Tinrín ni ti kẹ̀kẹ́, ọgbọ́n náà kò yàtọ̀.

ọmọ_Merthyr

Mo gbà fún yín nípa ti ẹni tó ń gba ọ̀nà ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ní táyà ẹrẹ̀ nílé tí eyín rẹ̀ sì ga jù fún ilẹ̀ tó le díẹ̀, ẹ lè fi ohun tí wọ́n fi ń gé wáyà gé eyín náà kúrú. Ẹ gé ti àárín nìkan, milimítà 2 sí 3, kí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ má fọwọ́ kan ti ẹ̀gbẹ́, àwọn ló ń mú kẹ̀kẹ́ dúró bó bá dagun.

Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀29

Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, ẹ gba àárín adágún omi kọjá, ẹ má yà sí ẹ̀gbẹ́. Yíyà yẹn ló ń sọ ọ̀nà mítà kan di mítà mẹ́rin kí Oṣù Kejì tó dé. Òfin Countryside Act ti 1968 ló gba kẹ̀kẹ́ láyè níbẹ̀, òun náà ló ní kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yà fún ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá sì délé, omi tí kò lágbára púpọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ tó jẹ́ kí amọ̀ gbẹ. Àwọn kan máa ń fi òróró sílíkónì nu abẹ́ férémù kí amọ̀ má baà lẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ má fọ́n ọn. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá kan dísìkì bíréèkì, bíréèkì ti lọ nìyẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀Rọ́bà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àdúrótì. Oníṣẹ́ ti tún sípóòkù ṣe: 7 lọ́tùn-ún, 7 lósì. Mo ra DHR II 2.4 WT (èyí tí wọ́n ṣe fún ríìmù tó fẹ̀), EXO+, MaxxTerra. Kí n tó fi sí i, ẹnì kan tún sọ pé kí n yí i sódì, kí ọfà rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, pé ó ń gun òkè dáadáa bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Olókè_Tweed

Ó ní ìdí. Eyín àárín DHR II rọra dagun ní ojú tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kó lè yí wọ́ọ́rọ́, ojú kejì sì dúró ṣánṣán. Bíréèkì ni ojú tó dúró ṣánṣán yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá yí i sódì, ojú ṣánṣán yẹn ni yóò máa ti ilẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń tẹ pẹ́dà, ẹ ó gun òkè dáadáa, ṣùgbọ́n bíréèkì ẹ̀yìn á dínkù nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Holmbury. Èmi ò ní yí i. Ẹ jẹ́ kí ọfà tọ iwájú, kí ẹ sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ta sealant sí i.